Nǹkan dúdú kéékèèké ojú màmá mi, ṣé ó lè di jẹjẹrẹ?

Àbíkẹ́yìn Kàbbà

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú tó bá gùn. Màmá mi ní àwọn nǹkan dúdú kéékèèké kan lójú, ó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ó dé abẹ́ ojú àti ọrùn, bí ìgbà tí èèyàn fi orí ìṣáná tò ó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ lójú wọn, ìyá tó bí wọn náà ní in títí wọ́n fi kú, èmi gan-an ti ń rí méjì mẹ́ta lábẹ́ ojú mi láti èṣí. A ò kà á sí nǹkan kan rí, ẹwà àgbà la máa ń pè é nílé wa. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Ábújà ṣe ju nǹkan kan sórí WhatsApp ẹbí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn nǹkan tó ń hù lára tí kì í dunni wọ̀nyí lè di jẹjẹrẹ awọ ara, ó wá fi fọ́tò òyìnbó kan sí i tí nǹkan ti jẹ imú ẹ̀ tán. Láti ọjọ́ yẹn màmá ò sùn mọ́. Wọ́n á dìde lóru, wọ́n á gbé tọ́ọ̀ṣì sójú níwájú dígí, wọ́n á máa kà á. Lálẹ́ àná wọ́n ka 43, nígbà tó di àárọ̀ wọ́n ní ó ti di 46.

Ọ̀rẹ́ wọn kan lọ́jà wá ní kí wọ́n fi omi èèpo kajú sun ún, pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló máa re dànù. Ẹlòmíì ní ká fi fọ́nrán irun so ó nídìí. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù kí n bi yín ná. Ṣé lóòótọ́ ló lè di jẹjẹrẹ? Nínú gbogbo nǹkan tó ń hù síni lára, èwo gan-an ló ń dì í?

Ẹ tún bá mi dá sí èyí kó má di pé mo tún ń ṣí ìbéèrè míì: bàbá mi ní àpá iná kan lójúgun òsì, láti kékeré ni, àtùpà ló gbiná mọ́ wọn lára nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 9, wọ́n ti di 61 báyìí. Àárín àpá yẹn ló là láti àsìkò kajú èṣí, ó máa ń gbẹ díẹ̀ kó tún là. Lúbúlúbú inú kápúsù Ampiclox la máa ń tú sí i, oníkẹ́míìsì ní ó ń jinná bọ̀. Kí la tún lè fi sí i tó máa tètè gbẹ? Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì o, ti màmá ni kí ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

Bàbá Oníkajú, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi kajú kan ojú ìyá rẹ o. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí kajú, mo mọ ohun tí mò ń wí. Kì í ṣe ti èso tí à ń fà mu yẹn o, oje tó wà nínú èèpo kóró ni mò ń sọ, ásíìdì ni, ó máa ń bó ara bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sí i. Ọmọkùnrin kan wà lóko wa nígbà kan tó fi kọ orúkọ ara ẹ̀ sápá kí àwọn ọmọge lè rí i, ó rò pé bíi táátù ló máa ṣe. Ó rora fún ọ̀sẹ̀ méjì, orúkọ náà sì wà níbẹ̀ dòní, ó le ó wú bí okùn, èyí tó wá burú jù ni pé ó gbàgbé lẹ́tà kan. Apá ni ìyẹn o. Ojú ìyá rẹ wá ńkọ́, tó súnmọ́ ẹyinjú?

Ti jẹjẹrẹ, mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kàwé rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Ẹ kú ilé o. Mo ti fẹ̀yìntì, yàrá tí wọ́n ti ń fọ egbò ni mo lò jù nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Àbíkẹ́yìn, ti màmá ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn torí kò ní pẹ́. Ohun tí o ṣàpèjúwe yẹn, dermatosis papulosa nigra ni ìwé ń pè é, àwọn dọ́kítà a máa gé e sí DPN. Àwa aláwọ̀ dúdú la ní in jù, ó pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ìdílé ló ń tọ̀, bí ọjọ́ orí bá sì ṣe ń lọ ló ṣe ń pọ̀ sí i. Kì í di jẹjẹrẹ. Sọ fún màmá pé èmi ni mo ní kí wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì yẹn kí wọ́n lọ sùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lójú lè lọ bá dọ́kítà awọ ara, wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ oníná jó o kúrò, ṣùgbọ́n nítorí ẹwà ni o, awọ tiwa yìí sì tètè máa ń ya funfun tàbí kó dúdú sí i níbi tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó ṣe é. Kókó ọ̀rá tó ń yẹ̀ síwá sẹ́yìn lábẹ́ awọ téèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, èyí tó ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lọ́rùn àti abíyá, àpá tó wú jáde níbi tí wọ́n lu etí sí, gbogbo ìyẹn náà, ọkàn yín balẹ̀.

Ó ku bàbá.

Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tí o ti ní kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì yẹn ni mo ti gbé oúnjẹ mi sílẹ̀. Àpá iná tó ti lé ní 50 ọdún, tó wá là lójijì, tí kò jinná láti àsìkò kajú èṣí! Jọ̀ọ́ lọ wò ó fún mi ní ojúmọmọ. Etí egbò yẹn, ṣé ó tẹ́jú, àbí ó ti le tó ga sókè tó ká bí etí abọ́? Ṣé ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tí aṣọ bá kàn án? Ṣé ó ń rùn? Tún fi ọwọ́ kan ibi tí itan ti pàdé ikùn lápá òsì, wò ó bóyá kókó kan wà níbẹ̀. Kí o padà wá sọ fún mi.

Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyí. Oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan wà, Jean-Nicolas Marjolin, ní 1828 ló kọ̀wé nípa irú egbò tó máa ń hù lórí àpá àtijọ́, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní, Marjolin's ulcer. Jẹjẹrẹ awọ ara ni. Àpá iná ló ti máa ń yọ jù, ṣùgbọ́n egbò àdáàjiná náà lè yí padà dà á, àti egbò egungun tó ń ṣọyún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í yá. Ó lè tó 30 ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn tí iná ti jóni, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń ro ó mọ́, ta ló máa ro ti àtùpà tó jó o lọ́mọ ọdún 9? Awọ àpá kì í ṣe awọ gidi, kò ní òógùn, kò lè nà, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí náà tó bá ti gbá nǹkan díẹ̀ ó ya, ara á tún un ṣe, ó tún ya, ara á tún un ṣe, bí ẹran ara ṣe ń fi gbogbo ìgbà hu òmíràn bẹ́ẹ̀ náà ló máa di ọjọ́ kan tí èyí tó ń hù ò ní gbọ́ràn mọ́.

Mi ò ní bàbá ní in o. Ojú ló máa rí i, láàbù ló máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tú lúbúlúbú Ampiclox sójú egbò mọ́, gbígbé ni wọ́n ń gbé e mì, a kì í da á sí egbò, ohun tó kàn ń ṣe ni pé ó ń bo ojú egbò tí ẹ ò fi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní, gbogbo nǹkan ni jẹjẹrẹ lọ́wọ́ yín. Àìsàn òyìnbó ni jẹjẹrẹ awọ ara, oòrùn ò mọ wọ́n lára. Mo ti lo 58 ọdún ní ilẹ̀ Ìjùmú yìí mi ò rí aláwọ̀ dúdú kan tó ṣe é. Egbò tó bá kọ̀ tí kò jinná, ẹ mọ̀ pé ó lọ́wọ́ ayé nínú. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìsánlú

Bàbá Ọ̀rọ̀ Àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín sà, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn gan-an la gbọ́ tí a fi pàdánù àbúrò bàbá mi. Wọ́n dúdú bí kóró iṣin. Nǹkan dúdú kan yọ sí wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀, nítòsí gìgísẹ̀, bí ìgbà tí yínkì kán síbẹ̀ tí kò ṣeé fọ̀. Wọ́n ní ẹ̀gún ló gún àwọn lóko. Wọ́n fi bíléèdì họ ọ́, ó padà. Wọ́n tún họ ọ́, ó padà, ó wá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, etí ẹ̀ rí gbágungbàgun, apá kan dúdú apá kan bíi búráùn. Nígbà tó wá di egbò ni àwọn kan bá ní nǹkan ni wọ́n tẹ̀ ní oríta, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ̀dọ̀ kan sí òmíràn, ewúrẹ́ lónìí, òróró lọ́la, ọdún méjì gbáko. Ìgbà tí a máa fi dé ọsibítù ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Melanoma ni wọ́n pè é, irú jẹjẹrẹ awọ ara kan ni.

Dọ́kítà tó rí wọn, ọmọdé kan ni o, bóyá kò tíì pé 30, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún wa. Ó ní lóòótọ́ awọ dúdú ń gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, ìyẹn ni kì í fi wọ́pọ̀ lára wa, ṣùgbọ́n irú eléyìí ò bá oòrùn lò rárá, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló ti máa ń yọ lára aláwọ̀ dúdú, ibi tí a kì í wò. Ó ní ṣé a mọ Bob Marley? Ta ni ò mọ Bob Marley. Ó ní ohun tó pa á nìyẹn, abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n rí i ní 1977, wọ́n kọ́kọ́ rò pé bọ́ọ̀lù ló fi ṣe léṣe. Ó kú ní May 1981, ọmọ ọdún 36. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jókòó níbẹ̀ bá ní "kí ẹ ti sọ fún wa látọjọ́ yìí," bí ẹni pé dọ́kítà mọ̀ wá rí.

Àmì ara tí wọ́n bí mọ́ni, ó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ní di nǹkan kan títí téèyàn máa fi darúgbó, pé èyí tó ń ṣe bí àlejò ni ká máa ṣọ́: tí apá ẹ̀ kan ò bá jọ ìkejì, tí etí ẹ̀ ò bá gún, tí àwọ̀ ẹ̀ bá pé méjì mẹ́ta lójú kan, tó bá fẹ̀ ju rọ́bà ìdí pẹ́ńsù lọ, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù, tó bá ń yí padà. Ilà dúdú tó máa ń wà nínú èékánná wa yìí náà, tó bá pọ̀ ní ìka bíi mélòó kan tó sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́, awọ wa ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ń fẹ̀, tí dúdú ẹ̀ wá tàn jáde sórí ẹran tó yí èékánná ká, ẹ má jókòó tì í.

Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi gbé ẹsẹ̀ sókè kí n wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní bàbá àwọn ti ń ya wèrè.

Ìyá Àfín, Ìyàrà

Mo kàn fẹ́ fi tèmi kún un. Àfín ni ọmọ mi, ó ti pé 12 ọdún. Ẹ ní èwo nínú ohun tó ń hù lára ló ń di jẹjẹrẹ, ti àwọn ọmọ wa ni kí ẹ wá wò. Kì í hù jáde bíi kókó, ó máa ń kọ́kọ́ rí bí ibi tí awọ ti gbẹ ni, tó ń ha ọwọ́ bíi sáńdípépà, ní etí, ní ẹ̀yìn ọwọ́, ní ètè ìsàlẹ̀, ní ọrùn lẹ́yìn. Ẹ máa rò pé èéyi ni. Ẹ fi òróró pa á, ẹ fi àdí pa á, kò lọ. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, òmíràn á kúrò fúnra ẹ̀, òmíràn á wá le, á fìdí múlẹ̀, á di egbò, ìyẹn ni jẹjẹrẹ. Actinic keratosis ni wọ́n kọ sínú káàdì ẹ̀. Àwọn òyìnbó Ọsirélíà ni mo gbọ́ pé ó ń bá jà jù, torí awọ funfun ni wọ́n gbé lọ sábẹ́ irú oòrùn tiwa yìí.

Méjì ni wọ́n rí létí ọmọ mi, wọ́n fi nǹkan tútù kan fín in, ó ń rú èéfín funfun bí ìgbà tí wọ́n ṣí fírísà, ó ké díẹ̀, ó lé ròrò bí ìgbà tí omi gbígbóná bóni, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ti bọ́. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ oòrùn láti aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ní ìlú yìí! Mo lọ bá tíṣà wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa dúró lábẹ́ igi tí wọ́n bá ń to ìlà, kí wọ́n sì jẹ́ kó dé fìlà abẹtí ńlá rẹ̀, tíṣà ní fìlà ò sí nínú yunifọ́ọ̀mù. Ó gba kí n lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lóko, òwúrọ̀ kùtùkùtù ló ń ṣa kajú báyìí, tí oòrùn bá ti yọ ó ti wọlé.

Ohun tó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín ẹkún ni àwọn obìnrin tí mo máa ń rí tí wọ́n ń fi owó ra ìpara bó dúdú ara wọn dànù. Dúdú tí ọmọ mi ò ní yẹn.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Ìyá Àfín, ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kó máa wọ ẹ̀wù apá gígùn tó nípọn, kí ẹ sì máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè kódà tí ẹ ò bá rí nǹkan kan.

Àbíkẹ́yìn dà?

Àbíkẹ́yìn Kàbbà

Mo wà ńbí mà. Mo wò ó. Etí ẹ̀ ga. Bó ṣe rí bí etí abọ́ tí ẹ sọ gẹ́lẹ́ ni. Ó ń rùn díẹ̀, màmá ní ó ti pẹ́ tó ti ń rùn, pé bàbá ni kò fẹ́ kí àwọn sọ ọ́ fún àwa ọmọ. Ti kókó, mo bi bàbá, wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí, ìgbà tí mo ní ẹ ní kí n fọwọ́ kàn án ni wọ́n wá ní ọ̀kan wà níbẹ̀ bí èkùrọ́, pé wọ́n rò pé ọkadà tí wọ́n ń gùn lọ sóko ló fà á. Ẹ̀rù ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Má bẹ̀rù kọjá bó ṣe yẹ, ọmọ mi. Egbò lásán tí kòkòrò wọ̀ náà lè mú kókó wú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ọ̀sẹ̀ míì mọ́ ọn. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá, ti ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja tàbí UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin, èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé àpá iná àtijọ́ ló là, ẹ má kàn sọ pé egbò, torí tí ẹ bá ní egbò wọ́n lè fọ̀ ọ́ kí wọ́n ní kí ẹ máa lọ. Wọ́n máa gé ẹran díẹ̀díẹ̀ létí egbò náà ní ibi bíi mélòó kan, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí láàbù. Àwọn èèyàn máa sọ fún yín pé tí abẹ́ bá ti kàn án ó máa gbilẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tí mo wà ní sítúdẹ́ǹtì. Àwọn tó sọ ọ́ máa ń rí ẹni tó dé ọsibítù lẹ́yìn tó ti tàn káàkiri, tí wọ́n gé e tó sì kú, wọ́n wá di ẹ̀bi ru abẹ́. Tí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ yẹn, tí kò sì tíì wọ egungun, wọ́n máa gé e kúrò pẹ̀lú ẹran tó dára díẹ̀ yí i ká, wọ́n á bu awọ itan bò ó. Tó bá ti wọ egungun ni ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ máa ń wọlé. Ìyẹn ni mo ṣe ń kánjú.

Ọ̀rọ̀ Àgbà

Ẹ gbé e lọ. Mi ò sọ pé kí ẹ má lọ ọsibítù o.

Àbíkẹ́yìn Kàbbà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ẹ má bínú tí mi ò tètè padà wá. Ìlọrin la gbé wọn lọ, a gba ọ̀nà Mọpà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, bàbá ní tí jẹjẹrẹ ò bá pa àwọn, gọ́tà ọ̀nà máa pa àwọn. Kí a tó lọ Ìlọrin, ibì kan tá a kọ́kọ́ yà ti fẹ́ fọ̀ ọ́ kí wọ́n dá wa padà bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí gẹ́lẹ́, mo bá kígbe pé àpá iná ni, àpá iná 52 ọdún, ni dọ́kítà kan tó ń kọjá lọ bá yíjú padà. Òun ló kọ lẹ́tà fún wa.

Wọ́n ti gé e níbi mẹ́rin, wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan nínú kókó itan yẹn. Wọ́n ya fọ́tò egungun, wọ́n ní kò jọ pé ó ti kan egungun. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ká padà wá gba èsì.

Màmá ti dẹ́kun kíkà. Tọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹsẹ̀ bàbá ni wọ́n ń tàn án sí báyìí tá a bá ń fọ̀ ọ́ lálẹ́ tí iná ò sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ilé tí èèyàn lè sùn sí nítòsí UITH? Òkè-Òsé ló wà, ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, kò sí láàárín ìgboro mọ́, ìgbà tá a lọ lẹ́ẹ̀kan orí bẹ́ǹṣì la sùn mọ́jú.

Ọmọ Ìsánlú

Àbúrò màmá mi ń gbé lápá ibẹ̀. Ẹ wọ ínbọ́ọ̀sì mi kí n fún yín ní nọ́ńbà, mo ti pè é, ó ní kí ẹ máa bọ̀ ní Ọjọ́rú, kí ẹ má ra oúnjẹ wá.